Jūnihitoe

Jūnihitoe ni aṣọ ẹ̀yẹ tí àwọn obìnrin ààfin ọba Japan ń wọ̀ láyé Heian (794–1185), nígbà tí ọba fi ìlú tí à ń pè ní Kyoto lónìí ṣe ibùjókòó. Aṣọ ṣẹ́dà ni.

Àwọ̀tẹ́lẹ̀ funfun, kosode, ni obìnrin ń kọ́kọ́ wọ̀, pẹ̀lú hakama, ṣòkòtò pupa tó gùn débi pé ó ń wọ́ nílẹ̀. Hitoe, ẹ̀wù tí wọn kò fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀, ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà itsutsuginu, ìyẹn aṣọ márùn-ún tí wọ́n ń wọ̀ léra. Ẹ̀wù méjì mìíràn, uchiginu àti uwagi, ń bọ̀ lórí wọn, kí karaginu tó jẹ́ ẹ̀wù kúkúrú tó kẹ́yìn. Ìbàdí ni wọ́n ń so aṣọ gígùn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ “mo” mọ́, èyí tí ń wọ́ tẹ̀ lé obìnrin lẹ́yìn.

Àwọ̀ ni iṣẹ́ ọpọlọ tó wà nínú aṣọ yìí. Aṣọ tó wà lókè máa ń kéré díẹ̀ ju ti abẹ́ rẹ̀ lọ, kí etí gbogbo wọn lè yọ lọ́rùn, lẹ́nu apá àti nísàlẹ̀. Ètò àwọ̀ náà ni kasane no irome, orúkọ òdòdó àti ewé ni wọ́n sì sábà máa ń fún un. Ti sakura, òdòdó igi ṣẹ́rì, jẹ́ funfun lórí pupa: ṣẹ́dà funfun náà fẹ́lẹ́, pupa abẹ́ rẹ̀ ń hàn gba inú rẹ̀, ojú á sì rí àwọ̀ òdòdó gan-an. Àwọ̀ ń bá ìgbà rìn, àṣìṣe kékeré kò sì fara sin. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni àwọn obìnrin ń jókòó sí, apá aṣọ wọn nìkan ni àlejò sábà máa ń rí. Murasaki Shikibu, òǹkọ̀wé obìnrin tó sìn ní ààfin láyé Heian, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé àwọ̀ ẹnu apá aṣọ obìnrin kan kù díẹ̀ káàtó, àwọn ìjòyè sì kíyè sí i.

Òdòdó benibana ni wọ́n fi ń rẹ pupa, gbòǹgbò ewéko tí à ń pè ní murasaki fún àlùkò. Àwọn àwọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀ láìgbàṣẹ. Láti ọdún 820 ni kōrozen, àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n díẹ̀, ti jẹ́ ti ọba nìkan. Òun ni Ọba Naruhito wọ̀ nígbà ayẹyẹ ìgorí-ìtẹ́ rẹ̀ ní 22 Oṣù Kẹwàá 2019, tí Olorì Masako sì wọ jūnihitoe.