Kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ àti kílọ́ọ̀ṣì tí kò fẹ́ jáwọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Alùpùpù Honda CG125 tí bàbá wa fi sílẹ̀ ti wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Agége láti ọdún mẹ́fà. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ó sì dáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fa kílọ́ọ̀ṣì tí mo tẹ jíà kìíní, ńṣe ló fò síwájú tó sì kú. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra odidi kílọ́ọ̀ṣì tuntun. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Má tíì náwó, àbúrò. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà ẹ̀yìn, òun náà ló sì ń já a; inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gan-an ni ti CG ń gbé. Wọ́n to pléètì léra wọn, ọ̀kan ní awọ, ọ̀kan jẹ́ irin lásán, súpíríǹgì sì fún wọn pọ̀. Bí o bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ó yẹ kí wọ́n pínyà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà lójú kan, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra bí ojú ìwé tó rẹ sínú omi tó wá gbẹ.

Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí o pa á. Fi sí jíà kejì, fa kílọ́ọ̀ṣì dé ìparí, kí o máa ti alùpùpù náà síwá sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti já, ọwọ́ rẹ á mọ̀ ọ́n: táyà ẹ̀yìn á ṣàdédé fúyẹ́. Bí kò bá já, fi okùn so ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ háńdù di ọjọ́ kejì, kí o tún gbìyànjú.

Ìbéèrè: Ó ti já o! Àmọ́ ní jíà gíga, bí mo bá fún un níná, ẹ́ńjìnnì á ké, eré kò ní pọ̀ sí i. Ṣé àìsàn kan náà ni?

Ìdáhùn: Òdìkejì rẹ̀ ni. Ti àkọ́kọ́ kò fẹ́ jáwọ́. Ti ìsinsìnyí ń yọ̀, kò lè di nǹkan mú. Ohun tó ń da èèyàn lójú rú ni pé kéébù kan ṣoṣo, ìyẹn wáyà tó so ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹ́ńjìnnì, lè fa méjèèjì. Bó bá dẹ̀ jù, fífà rẹ kò ní dé ibi tí pléètì ti ń pínyà. Bó bá le jù, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń bá ọ fa kílọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ìgbà. Kéébù ni kí o kọ́kọ́ wò. Ó yẹ kí ṣóńṣó ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì lè mì ní mìlímítà 10 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Tún fi èyí sọ́kàn: bí awọ pléètì bá ṣe ń jẹ, àyè yẹn máa ń dín kù fúnra rẹ̀. Bí o kò bá fọwọ́ kan kéébù tó sì le, pléètì ni kí o fura sí.

Ìbéèrè: Àyè wà níbẹ̀ dáadáa, ó ṣì ń yọ̀. Ọ́ìlì mọ́tò tó wọ́n jù ni mo sì rà fún un.

Ìdáhùn: Háà, ọ́ìlì yẹn ni! Wọ́n máa ń po èròjà tó ń mú kí irin yọ̀ lára irin mọ́ àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan. Ó dára fún mọ́tò, nítorí kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ kì í gbé inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Awọ pléètì tìrẹ ló lọ mu ún. Wá ike tí wọ́n kọ JASO MA sí lára. Láti 1998 ni àwọn ará Japan ti ń fi òǹtẹ̀ yẹn ya ọ́ìlì alùpùpù sọ́tọ̀. Da ti mọ́tò nù, rọ tuntun, gùn ún díẹ̀ ní àárọ̀ kùtù kí títì àdúgbò tó kún, kí o tún pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn awọ náà á bọ̀ sípò.

Ìbéèrè: Bí kò bá bọ̀ sípò ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìgbà yẹn la máa ṣí i. Bí ọ́ìlì tó jáde bá ń rùn bí ohun tó jóná, awọ ti jó nìyẹn. Gbé pléètì irin lé orí gíláàsì. Èyí tó bá ń mì ti wọ́. Má gbàgbé ilé kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn agbọ̀n irin tí pléètì ń jókòó sí: tọ́ àwọn ìka irin rẹ̀ wò. Bí etí pléètì bá ti gé kòtò kéékèèké sí wọn lára bí ojú ọ̀bẹ lára pátákó alápatà, inú kòtò yẹn ni pléètì tuntun náà yóò máa há sí. Kòtò tí kò jìn, fáìlì lè tẹ́ ẹ; èyí tó jìn, pààrọ̀ ilé náà.

Mú pléètì àtijọ́ dání lọ sí ọjà, kí o fi wéra. Rẹ tuntun sínú ọ́ìlì mọ́jú, pààrọ̀ gbogbo súpíríǹgì lẹ́ẹ̀kan náà, kí o máa fún bọ́ọ̀tì wọn díẹ̀díẹ̀, èyí tó dojú kọra tẹ̀lé ara wọn. Bí o bá ti dé e, tún kéébù náà wọ̀n.