Èkó sí London: Wákàtí Mélòó Gan-an?

Oníbàárà mi kan pè mí lóṣù Kejìlá. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní 10:30 àárọ̀ ni bàálù máa gbéra ní Ìkẹjà, 4:10 ìrọ̀lẹ́ ni yóò dé Heathrow. Nígbà àbọ̀, 11:00 àárọ̀ sí 6:30 ìrọ̀lẹ́. "Àǹtí, àlọ kò tó wákàtí 6, àbọ̀ lé ní 7. Ṣé Kánò ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé wa lọ ni?"

Ẹ̀rín pa mí. Kò sí Kánò níbẹ̀. Aago ìlú tí bàálù bá wà ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì: ti gbígbéra, aago Èkó, ti bíbalẹ̀, aago London. Àwa kì í yí aago tiwa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń yí tiwọn: lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọ́n á sún un síwájú, aago wa á wá dọ́gba, lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n á dá a padà, wọ́n á sì fi wákàtí 1 wà lẹ́yìn wa títí òtútù á fi lọ. Wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 ni àlọ rẹ̀, àbọ̀ jẹ́ 6 àti ààbọ̀.

Ohun tó tún máa ń rú àwọn oníṣirò lójú ni ọ̀nà fúnra rẹ̀. Láti Ìkẹjà dé Heathrow tó nǹkan bíi kìlómítà 5,000. Bàálù ńlá tó bá ti gòkè tán ń sáré tó bíi 900 ní wákàtí kan. Ẹ pín in, wákàtí 5 àti ààbọ̀ ni. Ìyókù ńkọ́? Aago tíkẹ́ẹ̀tì kì í dúró de ìgbà tí táyà bá kúrò nílẹ̀. Ìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tó ti kó èrò ni, títí yóò fi dé ibi tí èrò ti máa sọ̀. Á kọ́kọ́ rọra rìn nílẹ̀, á gùnkè díẹ̀díẹ̀, tó bá sì dé sánmà London, ó lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń yí òbìrìkítí, tí wọ́n ń retí kó kàn wọ́n. Àwọn ọlọ́kọ̀ mọ̀, wọ́n sì máa ń bu ìṣẹ́jú lé e. Òun ló ń jẹ́ kí bàálù tó pẹ́ gbéra ní Èkó tún dé lásìkò, táwọn kan á sì máa pàtẹ́wọ́ fún awakọ̀.

Afẹ́fẹ́ òkè réré ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Àríwá wa ni London wà, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ yẹn ti ń lu bàálù, àlọ àti àbọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ti New York ni ẹ wò: ó ń dojú kọ wọ́n lálọ, ó ń tì wọ́n lẹ́yìn bọ̀ wálé.

Nígbà tí ìjọba ológun Niger ti sánmà wọn pa ní 6 oṣù Kẹjọ 2023, ńṣe ni àwọn bàálù ń pẹ́ kọrọ gba ibòmíràn títí wọ́n fi ṣí i lóṣù Kẹsàn-án. Kìlómítà inú máàpù kò yí padà. Èyí tí bàálù ń fò ló lé sí i.

Tí ẹ bá ní oògùn tí ẹ ń lò ní wákàtí-wákàtí, iye wákàtí gidi ni kí ẹ kà, ẹ má wo aago ògiri. Ẹni tó máa wá gbé yín ní Heathrow, aago bíbalẹ̀ inú tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ni kí ẹ fún un, ẹ má yọ kúrò, ẹ má fi kún un. Kó má kàn tètè kúrò nílé: ẹ ṣì máa tò síwájú àwọn aṣọ́bodè, ẹ ṣì máa dúró de ẹrù, owó gidi sì ni wọ́n ń gbà níbi ìgbọ́kọ̀sí wọn.