Òǹdó Ni Owó Ọmọ Tíṣà Ti Bẹ̀rẹ̀, Kì í Ṣe Àbújá

Bí ẹ bá gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ bọ́sárì, ìyẹn owó ìrànwọ́, fáwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, ti Buhari ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé jáde, pé Ọjọ́ Olùkọ́ Àgbáyé ọdún 2020 ni gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àfi bíi pé kò sẹ́ni tó sanwó fún ẹnikẹ́ni kó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà rí kí Àbújá tó lanu. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á ní irọ́ ni, Obasanjo ni, 1976. Àwọn ará Èkó náà ò ní gbà, òfin ẹ̀kọ́ 1887 ni wọ́n máa ń nà síni lójú. Èmi ọmọ Ekímọ̀gún, ìyẹn Òǹdó, ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Akúrẹ́, mi ò sì ní díbọ́n pé mi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa yìí, Òǹdó ni nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti bẹ̀rẹ̀, kí gọ́mìnà kankan tó mọ̀ pé ó yẹ kóun dá sí i.

Ti Èkó yẹn, ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ẹ̀. Òfin 1887 wà lóòótọ́, ìjọba ń fún ilé ìwé àwọn míṣọ́n lówó ìrànwọ́, wọ́n á rán èèyàn lọ wo bóyá àwọn ọmọ mọ̀wé kówó tó jáde, Henry Carr náà sì ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ọ̀mọ̀wé gidi ni. Ṣùgbọ́n ilé ìwé lowó ọ̀hún ń lọ, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ tó fẹ́ di tíṣà, Èkó nìkan sì lòfin náà wà fún. Ó tán.

Ibi tó dùn ni tiwa. Ẹ rántí pé nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń ti ọ̀nà mọ́ Èkó láyé ogun, Glover tó ń ṣàkóso Èkó wá ọ̀nà mìíràn gba orí ọ̀sà lọ, ó gba ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jáde sí Òǹdó, kó lè ti ibẹ̀ já sí Ifẹ̀ àti òkè. Ọ̀nà yẹn ló sọ wá di ẹni tí ayé ń bá pàdé. Ibi tí ọlọ́jà bá gbà, oníwàásù náà á gba ibẹ̀, kò pẹ́ táwọn CMS, míṣọ́n Áńgílíkà, fi dé ní àárín ọdún 1870 sí 1880, Charles Phillips dé ní 1877, ó jókòó tì wá títí wọ́n fi sọ ọ́ di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Tí Glover ò bá la ọ̀nà yẹn, bóyá Iléṣà ni ǹ bá máa kọ̀wé gbè lẹ́yìn lónìí, ta ló mọ̀.

Nígbà náà kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà nítòsí rárá. Ti CMS, Abẹ́òkúta ló ti kọ́kọ́ wà, Ifọ́lé 1867, ìgbà tí wọ́n wó ilé àwọn míṣọ́n l'Ábẹ́òkúta, ló lé wọn dé Èkó, ọdún 1896 ni wọ́n tó gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, òun la wá mọ̀ sí St. Andrew's. Ẹ wò ó láti Òǹdó sí Ọ̀yọ́ lọ́dún yẹn, kò sí mọ́tò, ẹsẹ̀ ni. Báwo lọmọ àgbẹ̀ ṣe máa débẹ̀, ta ló máa bọ́ ọ, ta ló máa ra ìwé àti aṣọ?

Ohun témi gbà gbọ́ rèé, ó sì dá mi lójú ju bí mo ṣe lè fi ìwé gbè é lọ. Ilé katikíìsì, ìyẹn olùkọ́ ìjọ, ni ìdí ọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá já fáfá nílé ẹ̀kọ́ Sọ́ńdè, wọ́n á mú un wọlé míṣọ́n, á máa pọnmi, á máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, á bá wọn lọ sóko katikíìsì, inú ìkòkò ìyàwó katikíìsì náà láá ti máa jẹun. Tó bá di àárọ̀, òun ló máa dúró níwájú àwọn ọmọ kéékèèké tí á máa pe A B D fún wọn. Àwọn tíṣà kékeré wọ̀nyí ni wọ́n ń yàn nínú wọn ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Oúnjẹ tó ń jẹ àti ibi tó ń sùn yẹn gan-an ni mò ń pè ní bọ́sárì àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àbí kí ni bọ́sárì tún jẹ́ bí kò bá ṣe pé kí wọ́n máa bọ́ ẹ torí pé o máa kọ́ ọmọ ẹlòmíì lọ́la?

Owó tó ń gbé e wá ńkọ́? Owó kíláàsì ni. Ẹni tí wọ́n bí sínú Áńgílíkà mọ̀ ọ́n, ìjọ pín sí kíláàsì kíláàsì, olúkúlùkù ní iye tó ń dá, wọ́n á kọ ọ́ sínú káàdì rẹ, tó o bá jẹ gbèsè ẹ̀ wọ́n á máa wò ẹ́ níwòkuwò, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí wọ́n sin òkú rẹ bó ṣe yẹ títí táwọn ọmọ rẹ á fi san án. Ìkórè tún wà, iṣu, obì, adìyẹ, nígbà tó yá kòkó dé, ọwọ́ àwọn onígbàgbọ́ sì ni kòkó ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, torí náà ṣọ́ọ̀ṣì ò tòṣì mọ́. Owó táwọn ìyá wa ń so mọ́ etí ìró nìyẹn o, wọn ò kà á sí sìkọ́láṣíìpù.

Ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni. Bọ́ńdì wà níbẹ̀. Míṣọ́n kọ́ ẹ, o fọwọ́ sí i pé o máa ṣiṣẹ́ fún wọn ní iye ọdún kan, ibi tí wọ́n bá rán ẹ lo máa lọ, ì báà ṣe inú igbó. Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa ní bọ́ńdì, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Kí òyìnbó tó dé, a ní ìwọ̀fà. O yá owó lọ́wọ́ olówó, o tàbí ọmọ rẹ á máa lọ ṣiṣẹ́ fún un lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi àdéhùn sí, iṣẹ́ yẹn ni èlé orí owó, ó dìgbà tó o bá dá owó padà pátá kó tó tú ẹ sílẹ̀. Nígbà tí míṣọ́n wá sọ fún bàbá kan ní Òǹdó pé àwọn á náwó lé ọmọ rẹ̀, ọmọ á sì fi iṣẹ́ san án padà, ṣé ẹ rò pé àlàyé pọ̀ níbẹ̀? Bàbá yẹn ti yé e kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Kódà á rí i pé èyí sàn, torí iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í dín gbèsè kù, iṣẹ́ bọ́ńdì ń jẹ gbèsè tán fúnra ẹ̀. Èrò mi ni pé ìdí tí àwọn ará wa fi ń gbé ọmọ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ tíṣà wéréwéré láyé ọjọ́un nìyẹn, wọ́n rí nǹkan tí wọ́n ti mọ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Amẹ́ríkà náà tó gbọ́n lójú gbogbo ayé, ọdún 2007 ni ìjọba wọn ṣòfin TEACH Grant, owó tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là lọ́dún fún ẹni tó bá fẹ́ di tíṣà, pẹ̀lú àdéhùn pé á kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé tálákà fún ọdún mẹ́rin, tí kò bá ṣe é, owó náà á di gbèsè sí i lọ́rùn tòun tèlé. Ìwọ̀fà gbáà! California tiẹ̀ ní tiwọn lọ́tọ̀, Cal Grant, owó tí ìpínlẹ̀ fi ń ran ọmọ lọ́wọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n wá fi ọdún kan lé e fún ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí tíṣà lẹ́yìn dígírì. Ọdún wo ni ètò ìrànwọ́ ìpínlẹ̀ wọn ọ̀hún kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? 1955. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Àwọn èso ilé míṣọ́n yìí ló wá di igi ńlá. Kánọ́ọ̀nì M. C. Adeyemi, òun ni wọ́n fi ṣe pírínsípà nígbà tí wọ́n dá Ondo Boys' High School sílẹ̀ ní 1919, orúkọ ẹ̀ náà ló wà lára kọ́lẹ́ẹ̀jì tó di yunifásítì lónìí. Ajasin ti Ọ̀wọ̀, tí wọ́n bí ní 1908, St. Andrew's ló ti kọ́ṣẹ́ tíṣà, ó ṣe tíṣà kó tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Sierra Leone, ó padà wá di pírínsípà Imade College. Àwọn Ìjẹ̀bú máa sọ pé Awolowo àti Awokoya tó ṣe mínísítà ẹ̀kọ́ Ìwọ̀ Oòrùn ńkọ́. A ò sọ pé wọn ò sí. Awolowo náà lọ sí Wesley College n'Íbàdàn ní 1927, kò pẹ́ níbẹ̀.

Ìjọba wá ń dá sí i díẹ̀díẹ̀. Phillipson, òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó, kọ̀wé lórí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ní 1948, owó ìjọba wá ń ṣàn sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà àwọn míṣọ́n ju ti tẹ́lẹ̀. Awokoya gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá ní 1952, ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955 ló bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí California ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú bí wọ́n á ṣe ran ọmọ yunifásítì lọ́wọ́ ni Ìwọ̀ Oòrùn wa ń gba gbogbo ọmọ sílé ìwé. Láti ọmọ 456,600 lọ́dún 1954, ó fò sí 811,432. Ta ló máa kọ́ wọn? Kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà bá hù káàkiri bí olú, ìwé ẹ̀rí tíṣà Grade Three ọdún méjì, Grade Two ọdún méjì sí i. Lọ́dọ̀ wa, St. Peter's wà l'Ákúrẹ́, St. Helen's wà l'Óǹdó fáwọn obìnrin.

Ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa ṣe Grade Two láyé tí àwọn tíṣà ń gba aláwáńsì. Wọ́n ní lọ́jọ́ owó, bọ́sà, akápò kọ́lẹ́ẹ̀jì, á gbé tábìlì jáde sí fàráńdà, á ṣí ìwé ńlá kan sílẹ̀, á máa pe orúkọ, ẹ á tò lórí ìlà, ẹ á sáìnì, á ka owó lé yín lọ́wọ́, ẹ á tún un kà níwájú ẹ̀. Wọ́n á ra súgà, mílíìkì àti gààrí, wọ́n á fi ìyókù ránṣẹ́ sílé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fowó ránṣẹ́, ìyá wọn ò ná an. Ó gbéra, ó wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ní kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó fún ọmọ òun lówó, pé ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí, kí wọ́n máa sanwó fún èèyàn kó wá kàwé. Bọ́sà fúnra ẹ̀ ló ṣí ìwé ńlá yẹn hàn án, màmá ò sì mọ̀wé, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé orúkọ pọ̀ lọ súà, ọkàn ẹ̀ balẹ̀.

Èyí tó kù yìí gbogbo yín mọ̀ ọ́n, kí n sáré. Lẹ́yìn ìwé tí ìgbìmọ̀ Ashby kọ lórí ẹ̀kọ́ gíga ní 1960, wọ́n ń dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà gíga sílẹ̀, Adeyemi wà nínú wọn. Oṣù kejì 1976 wọ́n dá ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀, oṣù kẹsàn-án Obasanjo bẹ̀rẹ̀ UPE, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ìjọba àpapọ̀ gbé ẹrù kíkọ́ tíṣà lérí, owó pọ̀, epo ń tà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Ajasin di gọ́mìnà ní 1979, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Oṣù kẹwàá 1996 Èkìtì lọ, Ìkẹ́rẹ́ bá wọn lọ, ìpínlẹ̀ Òǹdó wá di ẹni tí kò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà tiẹ̀, Adeyemi tó kù jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn Grade Two náà wábi gbà, NCE, ìwé ẹ̀rí tíṣà tó ga jù ú lọ, ló kù. Bọ́sárì ìpínlẹ̀ wà, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ ló ń tò fún un, ẹni tó ń kọ́ lọ́yà àti ẹni tó ń kọ́ tíṣà, orí ìlà kan náà ni.

Oṣù kẹwàá 2020, Buhari sọ pé bọ́sárì àwọn ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ń padà bọ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà ló pè é ní ìpadàbọ̀, ẹ gbọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Adamu Adamu, mínísítà ẹ̀kọ́ ìgbà náà, dárúkọ iye: ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin náírà ní sáà kan fún ọmọ yunifásítì ìjọba, àádọ́ta ẹgbẹ̀rún fún ọmọ NCE. Ní 2024, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND, dé, ìyẹn ò tiẹ̀ bèèrè ohun tó o fẹ́ dà, o máa san án padà ni tó o bá ti ríṣẹ́ lẹ́yìn NYSC.

Ní tèmi o, bí Alágbàká, ìyẹn ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó, bá máa fún ọmọ tíṣà ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n mú bọ́ńdì padà pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ sanwó fún ọmọ ní Adeyemi tàbí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yunifásítì Àkùngbá, kó fọwọ́ sí i pé òun máa lọ kọ́ ọmọ ní Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, nínú àwọn ìlú orí omi tí tíṣà kì í fẹ́ dúró sí, ẹ kọ iye ọdún síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí bàbá ẹ̀ náà fọwọ́ sí i.