Ìgbà mélòó ni script yín ń jí Git?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí láti Yábàá: "Ẹ̀gbọ́n, mashíìnì yìí ò lè gbé e mọ́. A fẹ́ ra sáfà tuntun." Ó ń kó commit (àyípadà tí a fi pamọ́) bíi 40,000 kúrò nínú Subversion bọ̀ sínú Git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù ni méjèèjì), ilẹ̀ sì ti mọ́ bá a lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kó má tíì náwó, kó fi àṣẹ `time` wo bí script tó fi ń kó o ṣe ń sáré lórí commit díẹ̀ ná. Iye tó wà níwájú `sys` (àkókò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá a ṣètò) ju ti `user` (àkókò tí ètò fi ń ṣe iṣẹ́ gan-an) lọ fíìfíì. Wàhálà lílọ-bíbọ̀ nìyẹn.

Fún commit kọ̀ọ̀kan, ó ń pe `git update-index`, `git write-tree`, `git commit-tree` àti `git update-ref`, yàtọ̀ sí `git hash-object` tó ń pè fún fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ìgbàkígbà tó bá pè é, kọ̀ǹpútà á dá process tuntun sílẹ̀, Git á ka config rẹ̀, á ṣe ìwọ̀nba iṣẹ́, á sì kú. Ẹ rán ọmọ lọ ra àlùbọ́sà l'Óyíngbò. Ó dé, ẹ tún rán an ní iyọ̀. Ó dé, ẹ rán an ní ata. Ṣé ẹsẹ̀ ọmọ ló wúwo? Lórí Windows, owó ọkọ̀ yẹn tiẹ̀ wọ́n ju ti Linux lọ dáadáa.

Àwọn kan á ní kí a ṣí script mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Tí gbogbo wọn bá ń lo index kan ṣoṣo (fáìlì tí Git fi ń to commit tó ń bọ̀), `index.lock`, àgádágodo rẹ̀, ni wọ́n á máa jà sí.

`git fast-import` ni kí ẹ lò. Ó ti wà nínú Git láti 2007. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ó jí i, ẹ ó wá máa da gbogbo ìtàn náà sí i lẹ́nu: fáìlì gba nọ́ńbà, `:1`, `:2`, commit á sì fi nọ́ńbà yẹn pè é. Níbi tí ẹ ti ń kó o bọ̀ náà, ẹ fi `svn cat` tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àṣẹ `svnrdump dump` á kó gbogbo rẹ̀ wá nírìn-àjò kan.

Ẹ sì mọ ìlú tí a wà. Kí iná tó lọ, ẹ máa ki `checkpoint` (àṣẹ tó ń fi ibi tí iṣẹ́ dé pamọ́) bọ fast-import lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú `--export-marks` tó ń kọ àwọn nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dé. Ẹ fi `--done` sí i pẹ̀lú. Láìsí i, bí script yín bá kú lágbedeméjì, fast-import á rò pé iṣẹ́ ti parí ni, kò ní ké.

Tó bá tán, ẹ ṣe `git repack -a -d -f`, torí packfile (fáìlì tí a di ìtàn náà sí) tí fast-import kọ kì í fún dáadáa. Ibẹ̀ ni mashíìnì tó lágbára ti lè wúlò fún un.