Àtúnṣe Èèkù Abẹ Ìfárùngbọ̀n Àtijọ́

Èèkù abẹ ìfárùngbọ̀n àtijọ́ ni apá tí ojú abẹ ń ká wọ̀ bí a bá pa á dé. Pẹlẹbẹ méjì ni, ìṣó idẹ tín-ínrín tí ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 1.6 ló sì so wọ́n pọ̀. Ìṣó kan gba ọrùn abẹ kọjá, òun ni abẹ ń yí lórí rẹ̀. Èkejì wà ní ìdí èèkù, ó gba inú ègé àárín kọjá. Ègé àárín yìí, tó lè jẹ́ òjé, egungun tàbí ìwo, nípọn ní orí kan ju orí kejì lọ. Òun ló ń la pẹlẹbẹ méjèèjì díẹ̀ kí wọ́n lè fún ọrùn abẹ mọ́ra.

Ojú ihò ìṣó ni èèkù sábà máa ń là sí. Ìwo a máa gbẹ, a sì máa sún kì, ṣùgbọ́n ìṣó kò yẹ̀ fún un. Ìpẹtà tó wú lára ọrùn abẹ náà lè ti èèkù síta. Ìdí nìyí tí gúlù lásán kì í fi í mú níbẹ̀ pẹ́: ohun tó là á kò tíì kúrò.

Kí a tó tú u, a ó fi tépù bo ojú abẹ. A ó fi fáìlì kékeré rẹ́ orí ìṣó títí yóò fi tẹ́jú pẹ̀lú wáṣà (òrùka pẹlẹbẹ kékeré tó wà lábẹ́ orí ìṣó), a ó sì ti ìṣó jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára ya pẹlẹbẹ méjèèjì sọ́tọ̀ yóò sọ ẹyọ kan di méjì.

Bí ó bá jẹ́ ìwo ló là, a ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, a ó sì kán súpágúlù tó ṣàn bí omi sí ojú ibi tó là. Yóò fa ara rẹ̀ wọlé. Bí lílà náà bá ti dé inú ihò, a ó họ inú èèkù níbẹ̀ bíi ìdajì mìlímítà, a ó fi epoxy (gúlù líle tí a ń po nǹkan méjì pọ̀ láti ṣe) lẹ fiberglass (aṣọ tí a fi okùn gíláàsì hun) tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, a ó fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, a ó sì tún ihò náà lu.

Èèkù tí a fi sẹ́lúlọ́ìdì, irú ike àtijọ́ kan, ṣe yàtọ̀ pátápátá. Bí a bá fi àtàǹpàkò gbo ó títí ó fi gbóná, yóò máa rùn bíi kàfúrà. Kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ́rẹ́ gbígbóná dán an wò, nítorí ó máa ń gbiná kíá. Ásítónì, omi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, a máa yọ́ ọ, nítorí náà a lè fi èyí tí a họ lára rẹ̀ pò pẹ̀lú ásítónì, kí a fi dí ibi tó là. Kí ó yọ sókè díẹ̀ ju ojú èèkù lọ, torí yóò sún kì bó bá ń gbẹ. Àmọ́ èyí tó ti ń sán wẹ́wẹ́, tó sì ń run imú, ti ń jẹrà. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ń mú abẹ dípẹtà, àní àwọn abẹ tó wà nítòsí pàápàá. Ẹ má tún un ṣe, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Èèkù tí a fi eyín erin ṣe kò fẹ́ omi gbígbóná. Òwò eyín erin láàárín orílẹ̀-èdè sì ti wà lábẹ́ òfin líle láti 1990, nítorí náà egungun ni ọ̀pọ̀ ń fi rọ́pò rẹ̀.

Fún èèkù tuntun, pẹlẹbẹ méjì tó nípọn ní mìlímítà 3 tó. A ó lẹ̀ wọ́n pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí a lè lu ihò wọn papọ̀, a ó sì fi pépà oníyanrìn láti nọ́ńbà 220 dé 1000 dán wọn. Eruku ìwo àti egungun kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bo imú.

Bóòtù kékeré ni kí a kọ́kọ́ fi dì í, kí a wò ó bóyá abẹ ń wọ àárín gbùngbùn. Bó bá ń fara kan ẹ̀gbẹ́ kan, ègé àárín la ó tún rẹ́, kì í ṣe pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn náà la ó ki ìṣó bọ̀ ọ́, tí a ó gé e kí ó yọ lókè wáṣà ní nǹkan bíi mìlímítà 1. Òòlù kékeré la ó fi máa kàn án yíká etí orí rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, tí a ó máa yí i padà ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ìlù òòlù kan ṣoṣo tó wúwo lè tẹ ìṣó, kí èèkù sì tún là. A ó dúró nígbà tí abẹ bá lè dúró níbikíbi tí a bá ṣí i dé, tí kò sì jábọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó rọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀kan méjì òòlù yóò tún un ṣe. Èyí tó le jù, àfi kí a rẹ́ ìṣó náà, kí a fi tuntun sí i.