Ìmòòkùn ìdóòlà ẹ̀mí

Ìmòòkùn ìdóòlà ẹ̀mí ni kí àwọn amòòkùn wọ abẹ́ omi lọ yọ ẹni tó há sínú ihò àpáta tàbí ọkọ̀ tó rì. Àwọn kan náà ló sábà máa ń wá òkú lábẹ́ omi, ṣùgbọ́n òkú lè dúró di ìgbà tí omi bá rọlẹ̀. Alààyè kò lè dúró.

Ewu

Òkùnkùn, otútù àti okùn tó ń lọ́ mọ́ni lẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀. Ìfúnpá omi ni ojú kì í rí. Ní oṣù Karùn-ún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé nítòsí Escravos ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 60, àwọn amòòkùn tó wá kó òkú bá alásè ọkọ̀ náà, Harrison Okene, láàyè níbi tí afẹ́fẹ́ ṣẹ́ kù sí, ní nǹkan bí mítà 30 sísàlẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ fà á sókè lọ́gán: náítrójìn, afẹ́fẹ́ tí ìfúnpá omi ti tì wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ì bá hó bí ìgò mínírà tí a ṣí lójijì. Inú yàrá ìfúnpá, níbi tí wọ́n ti ń dín ìfúnpá kù díẹ̀díẹ̀, ló wà fún ohun tó lé ní ọjọ́ méjì.

Oògùn oorun ní Tham Luang

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà 2018, ọmọkùnrin 12 àti olùkọ́ bọ́ọ̀lù wọn há sínú ihò àpáta Tham Luang ní Thailand nígbà tí omi kún un. Ọmọ tó bá ta gìrì lábẹ́ omi lè pa ara rẹ̀ àti ẹni tó gbé e. Nítorí náà Richard Harris, dókítà akunnilóorun láti Ọsirélíà, fún wọn ní alprazolam, oògùn tó ń fi ọkàn balẹ̀, ó fi atropine dín itọ́ wọn kù kó má baà kún inú ìbòjú, ó sì gún wọn ní ketamine, oògùn oorun tí kì í sábà dá èémí dúró. Wọ́n di ọwọ́ wọn sẹ́yìn kí wọ́n má baà já ìbòjú náà bí wọ́n bá ta jí. Oògùn náà kì í pẹ́ tó ìrìn àjò ọ̀hún, nítorí náà àwọn amòòkùn tí kì í ṣe dókítà ló ń tún abẹ́rẹ́ gún wọn ní itan lójú ọ̀nà.

Ní ọsibítù, akunnilóorun kì í fi aláìsàn sílẹ̀. Níhìn-ín, gbàrà tí ọmọ bá ti sùn ló ń kúrò lójú dókítà. Bóyá ìdí nìyí tí ìjọba Ọsirélíà fi bá Thailand ṣe àdéhùn pé wọn kò ní pe Harris àti Craig Challen, amòòkùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́jọ́ bí nǹkan bá yíwọ́. Ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, gbogbo àwọn 13 ti jáde.

Ẹ̀mí ẹni tó ń gbani là

Ìlànà iṣẹ́ náà ni pé ẹ̀mí amòòkùn ló ṣáájú. Síbẹ̀, Saman Kunan, ọmọ ogun ojú omi tẹ́lẹ̀ rí tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, kú ní ọjọ́ 6, oṣù Keje lẹ́yìn tó gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ wọ inú ihò Tham Luang. Beirut Pakbara, ọmọ ogun ojú omi Thailand, náà kú ní oṣù Kejìlá 2019, nípasẹ̀ àkóràn ẹ̀jẹ̀ tó kó níbi iṣẹ́ ọ̀hún.