Àrùn mitokọ́ńdíríà kì í ṣe ẹ̀bi ìyá nìkan

"Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ni." Bí dókítà bá ti so àìsàn ọmọ mọ́ mitokọ́ńdíríà, ohun tí ẹbí ọkọ máa ń sọ nìyẹn láàárín àwa Yorùbá Àbújá, láti Kubwa dé Lugbe. Wọ́n ṣáà ti gbọ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá nìkan la ti ń jogún rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé.

Mitokọ́ńdíríà, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń sọ oúnjẹ di agbára, ní DNA tirẹ̀, ọwọ́ ìyá sì lọmọ ti ń gbà á. Ṣùgbọ́n jíìnì 37 péré ló wà níbẹ̀, purotéènì 13 ni wọ́n sì ń ṣe. Purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ nínú mitokọ́ńdíríà lé ní 1,000! Inú núkílíọ́ọ̀sì, àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, ni jíìnì àwọn tó kù wà, nínú DNA tí bàbá àti ìyá jọ fún ọmọ. Ìta mitokọ́ńdíríà ni sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe àwọn purotéènì náà kó tó kó wọn wọlé.

Yíìsì, ẹbí olú, wà lára ohun tó la ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn onímọ̀. Yíìsì àwọn oníbúrẹ́dì ni mò ń wí, tó tún ń bá wọn mú ọtí bùrùkùtù ho ní Mararaba. (Ẹlòmíì á ní òun ò mọ bùrùkùtù. Ó dáa.) Mitokọ́ńdíríà rẹ̀ lè bàjẹ́ kó má kú, torí tó bá ti rí ṣúgà, á sọ ọ́ di ọtí, á sì fi ìyẹn gbé ẹ̀mí ró. Ní 1949, Boris Ephrussi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé ròyìn àwọn yíìsì kan tí agbo wọn kéré bíńtín láàárín àwọn ńlá nínú abọ́ ìwádìí. Wọ́n pè wọ́n ní petite. Mitokọ́ńdíríà wọn ló bàjẹ́. Ẹ gbé wọn sórí oúnjẹ tó jẹ́ glycerol, tí kò ṣeé sọ di ọtí, wọn ò ní hù rárá.

Tí wọ́n bá da petite pọ̀ mọ́ yíìsì tó pé kí wọ́n jọ bímọ, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń jáde. Ti àwọn kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé: inú DNA mitokọ́ńdíríà ni àléébù òbí wọn wà, èyí tó pé lára òbí kejì sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ti àwọn mìíràn, méjì pé, méjì kò pé, bí jíìnì núkílíọ́ọ̀sì ṣe ń pín gẹ́lẹ́. Àléébù kan náà lójú, orísun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó rí bẹ́ẹ̀ lára èèyàn náà. Yíìsì ní jíìnì kan tó ń jẹ́ SHY1. SURF1 ni ìbátan rẹ̀ lára wa. Bí SURF1 bá bàjẹ́, ó lè fa àrùn Leigh, tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Inú núkílíọ́ọ̀sì ló wà, èyí tó bàjẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá wá kí ọmọ tó mú àrùn náà. AS àti AS nìyẹn o, ẹ̀yin tí ẹ gbé ìwé jẹ́nótáìpù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó so yín pọ̀. Ta ló ń sọ pé ìyá nìkan ló bí SS?

Àwọn àrùn mitokọ́ńdíríà kan wà tó jẹ́ ti ọ̀nà ìyá lóòótọ́. LHON, tó ń fọ́ni lójú, wà lára wọn. Àyẹ̀wò ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀, bàbá náà á sì na apá kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀.